Ọjọ́ Stéfánù nínú Orin Ọba Wenceslas

Nínú orin Kérésìmesì tí wọ́n ń pè ní Good King Wenceslas, kò sí Màríà, kò sí ibùjẹ ẹran, kò sí áńgẹ́lì. Ọba kan ló yọjú wo ìta lọ́jọ́ ìrántí Stéfánù, tó rí tálákà kan tó ń ṣa igi ìdáná nínú yìnyín. Ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ òun gbé ẹran, wáìnì àti igi, àwọn méjèèjì sì mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tí òtútù fẹ́ dá ọmọ náà dúró, ọba ní kó máa tẹ ojú ẹsẹ̀ òun. Ibi tí ọba bá tẹ̀, ibẹ̀ á gbóná.

Percy Dearmer, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò The Oxford Book of Carols lọ́dún 1928, kò fẹ́ràn orin yìí rárá. Orin ìgbà òdòdó ni ohùn orin náà látilẹ̀wá: Tempus adest floridum, orin Látìnì tó wà nínú ìwé Piae Cantiones, tí ọmọ ilẹ̀ Fínlándì kan, Theodoricus Petri, tẹ̀ jáde ní Greifswald ní Jámánì lọ́dún 1582. Àlùfáà John Mason Neale ló fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i lọ́dún 1853, lẹ́yìn tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Stockholm fún òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Thomas Helmore, ní ẹ̀dà ìwé náà. Lójú Dearmer, Neale ba ohùn náà jẹ́ ni.

Èmi kò gbà. Ẹ fi ẹnu kọ ọ́ wò: ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gòkè díẹ̀, ó padà síbi tó ti wá, ó wá já sílẹ̀ lójijì kó tó máa gun òkè padà díẹ̀díẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ ni. Bí akọrin ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ wúwo bá gba ẹsẹ ọba, tí ọmọdé gba ti ìránṣẹ́, etí wa á gbọ́ ẹni tó ń ṣáájú àti ẹni tó ń tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí Neale yàn ló tún gbè é lẹ́yìn jù. Wenceslas gan-an, olórí ilẹ̀ Bohemia tí àbúrò rẹ̀ mú kí wọ́n pa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ìrántí tirẹ̀. Neale mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá sí 26 oṣù Kejìlá ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa náà, ọjọ́ Stéfánù Mímọ́ ni kàlẹ́ńdà kọ sí i, àmọ́ Boxing Day nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí. A máa ń rántí pé wọ́n sọ Stéfánù lókùúta pa; a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn án sí. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà sọ ọ́: òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn ni wọ́n fi ìpín oúnjẹ àwọn opó lé lọ́wọ́. Ẹran àti wáìnì tí ọba gbé jáde, iṣẹ́ Stéfánù gan-an ni. Neale fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí láti 1846 títí ó fi kú ní 1866, òun ni alábòójútó Sackville College ní East Grinstead, ilé tí wọ́n ti ń gba àwọn arúgbó aláìní sí.

Ibi tí mo ti dá Neale lẹ́bi yàtọ̀ sí ti Dearmer. Ìtàn inú orin náà parí sójú ọ̀nà. A kò rí ilẹ̀kùn tálákà náà, a kò mọ̀ bóyá iná jó, ọkùnrin náà kò sì la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọba àti ìránṣẹ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ara wọn. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ẹjọ́ ló kọ́kọ́ délẹ̀: àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríkì ráhùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó àwọn, àwọn àpọ́sítélì sì ní láti pe ìjọ jọ kí wọ́n tó yan Stéfánù.