Òdo Kì í Ṣe Àlàfo

Ní Ìdáàṣà, tí àwọn Faransé ń kọ ní Dassa-Zoumè, òjò kì í sábà rọ̀ kárí. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é, àpáta ló sì yí i ká. Òjò lè ṣú lórí òkè kan kí ó rọ̀ tán síbẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn òkè kejì má rí ju atẹ́gùn lọ. Àgbẹ̀ á ti oko dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á bá eruku ní ìta ilé rẹ̀. Bí àwọn méjì bá wá ń jiyàn lórí bóyá òjò rọ̀ lánàá, tí wọ́n ń bi ara wọn pé mélòó ló rọ̀, ẹnì kan ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀: ẹni tó ń wo òṣùwọ̀n òjò láàárọ̀.

Òṣùwọ̀n náà kò lẹ́wà. Garawa ni, tí wọ́n gbé kọ́ òpó, tí wọ́n fi àrọ sí lẹ́nu. Irú èyí tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ṣe ìjọba lé lórí, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 400 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Nítorí náà, bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ 40 mìlílítà, òjò mìlímítà kan ló rọ̀, ìyẹn lítà omi kan lórí gbogbo mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀. Bí òjò líle bá gbé 90 mìlímítà wá lóru, omi inú garawa á lé ní lítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ife gíláàsì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò lè gba ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wò ó á máa bù ú, á gbé ife náà sókè dọ́gba pẹ̀lú ojú, á ka ibi tí omi rẹlẹ̀ sí jù láàárín ife, á kọ ọ́, kó tó dà á nù. Bó bá da ife kan nù láì kọ ọ́, kò sí ohun tó lè mú un padà, nítorí ẹ̀rí kò sí níbòmíràn.

Ibi tí wọ́n gbé e sí náà gba ọgbọ́n. Bí igi tàbí ògiri bá wà nítòsí, ó yẹ kí òṣùwọ̀n jìnnà sí i, ó kéré tán, ní ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ẹ wá wo bí ìyẹn yóò ti rí láàárín àpáta.

Aago méje àárọ̀ ni kíkà rẹ̀. Ní àkókò yẹn, aago mẹ́fà ni aago àgbáyé ń lù, àwọn ibùdó ojú ọjọ́ káàkiri ayé sì ń wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó bá wà nínú garawa láago méje, ọjọ́ àná ni wọ́n kọ ọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago márùn-ún òwúrọ̀ yẹn gan-an ló rọ̀.

Èmi ò ka iṣẹ́ ọjọ́ òjò sí bàbàrà. Lọ́jọ́ òjò, ara ẹni náà á yá láti lọ wò ó. Oṣù kìn-ín-ní ni kí ẹ wò ó, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè ń bó, tí kò sí ẹ̀kán omi kan láti oṣù tó kọjá. Ó ṣì gbọ́dọ̀ dé ìdí òpó, kí ó ṣí garawa, kí ó nu eruku inú àrọ, kí ó yọ ewé, kí ó sì kọ òdo. Ẹni tó kọ òdo ti jẹ́rìí pé òun wò, kò sí nǹkan. Àlàfo nínú ìwé, ẹ̀rí pé kò sẹ́ni tó wò ni. Bí òjò bá sì ta fín-ín tí kò tó wọ̀n, àmì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Olùkọ́, àlùfáà ìjọ Àgùdà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀: irú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe owó ló ń gbé wọn dìde láàárọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni ibùdó tó pé pérépéré tó súnmọ́ Ìdáàṣà jù, nǹkan bí 45 kìlómítà sí i. Ó wà lára àwọn ibùdó ńlá mẹ́fà tí Bénin ní: Kútọnu, Bohicon, Ṣábẹ̀ẹ́, Parakou, Natitingou, Kandi. Àpótí funfun kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn kò ti ní wọlé sórí tẹmọ́mítà. Ẹ wo bí ògbóǹtarìgì ṣe ń kà á. Kò ní mí sí i. Ìdá mẹ́wàá ló máa kọ́kọ́ kà, kó tó ka odidi nọ́ńbà, nítorí ooru ara rẹ̀ lè ti gbé ìdá mẹ́wàá kúrò kí ojú tó padà síbẹ̀. Tẹmọ́mítà kejì wé aṣọ tútù mọ́ra. Bí ọyẹ́ bá mú, nọ́ńbà rẹ̀ á jìnnà sí ti ẹnìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ bí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tó. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà bá dọ̀tí, irọ́ ló máa pa, kò sì ní fi hàn lójú. Ojú ọ̀run ńkọ́? Wọ́n á pín in sí mẹ́jọ, wọ́n á sọ mélòó ni ìkùukùu bò. Ibi tí ojú ríran dé, òkè tí wọ́n mọ bó ṣe jìnnà tó ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ òfuurufú ni àjọ tó wá ń bójú tó ètò yìí wà fún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1959, ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n dá àjọ ASECNA sílẹ̀ fún ààbò ọkọ̀ òfuurufú. Dahomey, bí wọ́n ti ń pe Bénin nígbà náà, wà nínú rẹ̀ kó tó gba òmìnira ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Abẹ́ àjọ náà ni iṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó dá Météo-Bénin sílẹ̀. Àgbẹ̀ ti dúró pẹ́ lẹ́yìn awakọ̀ òfuurufú, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àgbẹ̀ ń fẹ́ kò pọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní oṣù kẹta, ṣé kí ó gbin àgbàdo, tàbí òjò ẹ̀tàn ni, tí èéhù yóò rọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì? Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn láìwo ẹ̀yìn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n máa ń kó pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé bí òjò ṣe ń rọ̀ níbì kan nìyí. Ti ọdún 1991 sí 2020 ni wọ́n ń lò báyìí. Àwọn òdo oṣù kìn-ín-ní wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ ńlá náà wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níbẹ̀, ní Kumasi àti ní Ilé-Ifẹ̀, láti mọ ìdí tí ìkùukùu fi ń dì nílẹ̀ nílẹ̀ lóru tí kì í fi í tú títí ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti ojú òkun wọlé lóru wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó fà á.

Àgbàrá ọdún 2010, tó kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn ní Bénin, ló jẹ́ kí ariwo ìkìlọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń wọn òjò fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ dára, kì í sùn. Abọ́ kékeré méjì wà nínú irú èyí tó wọ́pọ̀. Bí ọ̀kan bá kún, á dà nù, èkejì á bọ́ sípò, ẹ̀rọ á kà á. Bí òjò bá le jù, kì í kà á tán. Bí eruku ọyẹ́ bá sì dí ẹnu àrọ, òdo ni yóò máa kọ nígbà tí òjò ń rọ̀, òdo rẹ̀ á sì jọ òdo olóòótọ́. Ìdí nìyí tí Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé fi ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n má tètè gbé garawa àtijọ́ kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí òun àti ẹ̀rọ jọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ti èkíní yẹ ti èkejì wò.