Ojú Tó Mọ Ẹyẹ Í Yàn

Mo fẹ́ràn láti máa wo ẹni tó mọ ẹyẹ bọ́jì í yàn. Bọ́jì, ìbátan ayékòótọ́ tó kéré, tó ti Ọsirélíà wá, a máa fi àìsàn pamọ́, torí pé nínú igbó, èyí tó bá ṣe bí aláàárẹ̀ ni àṣá ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mọ̀ràn kì í fi í sáré sún mọ́ àgò. Ọ̀ọ́kán ni yóò dúró sí, títí ẹyẹ yóò fi gbàgbé pé ẹnì kan ń wo òun.

Ìgbà náà ni òótọ́ máa ń yọjú. Èyí tó ń jẹun, tó ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ló ń fojú sí lára. Èyí tó wú ìyẹ́, tó lóṣòó sísàlẹ̀ àgò lọ́sàn-án gangan, tí ìrù rẹ̀ ń mì sókè sódò bó ṣe ń mí, kò ní í rà á, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ rẹwà tó. Sùúrù yìí wú mi lórí gan-an.

Lẹ́yìn náà ló kan ọwọ́. Yóò fìka tọ́ àyà ẹyẹ náà wò. Bí egungun ibẹ̀ bá yọ bí ẹnu ọ̀bẹ, ẹyẹ náà ti rù. Ihò imú gbọ́dọ̀ gbẹ, abẹ́ ìrù gbọ́dọ̀ mọ́, kí èépá má sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgógó. Bí ilà iwájú orí bá ṣì dé ìdí imú, ọmọdé ni, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ.

Kó tó sanwó, yóò béèrè irú ọkà tó ń jẹ, kí oúnjẹ má bàa yí padà lójijì. Bí ẹyẹ mìíràn bá wà nílé, yàrá ọ̀tọ̀ ni tuntun yìí yóò wà fún nǹkan bí 30 ọjọ́.