Ìtàn Méjì, Òtútù Kan

Ọ̀rẹ́ mi kan wí fún mi pé ìwé tí a kọ nípa òtútù ìlú òkèèrè kò wúlò fún àwa tí ó jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ni ó ń yọ wá lẹ́nu. Èmi kò gbà fún un. Ìtàn "To Build a Fire", èyí tí a lè pè ní "Dídá Iná", tí Jack London ará Amẹ́ríkà kọ, ni mo fi dá a lóhùn.

London mọ ohun tí ó ń sọ. Ní 1897 ó bá àwọn tí ń wá wúrà lọ sí agbègbè Klondike ní Kánádà, ó sì lo ìgbà òtútù kan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kọ ìtàn yìí. Nínú ti 1902, tí ó kọ fún àwọn ọ̀dọ́, Tom Vincent nìkan ni ó ń dá lọ nínú òtútù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sómi, ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó là á já, ó sì kọ́gbọ́n pé ènìyàn kì í dá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nínú ti 1908, ọkùnrin náà kò lórúkọ mọ́, ajá kan ń tẹ̀ lé e, ó sì kú.

Ọ̀rẹ́ mi ní ti àkọ́kọ́ ni ó sàn, nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn gbangba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé: bí ìtàn bá ti ń parí, àfi kí a gbọ́ "ìtàn yìí kọ́ wa pé". Ṣùgbọ́n òtútù tí ó jẹ́ kí ènìyàn padà sílé wá ròyìn, ǹjẹ́ ó le tó bí a ti wí?

Ẹ wo ti 1908. Òtútù náà tó digiri 75 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, tí í ṣe bí 59 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Bí ọkùnrin náà bá tutọ́, itọ́ a dì lófuurufú, a sì dún. Àgbà kan ti kìlọ̀ fún un. Ó fi àgbà rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sómi, ó dáná sábẹ́ igi tí òjò dídì kún ẹ̀ka rẹ̀. Òjò dídì náà ya lulẹ̀, ó pa iná. Ìka rẹ̀ kò lè mú ìṣáná mọ́. Ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há ìṣáná 70, ó ṣá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹran ara rẹ̀ ń jó, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí ó kú tán, ajá gba ọ̀nà àgọ́ lọ, níbi tí oúnjẹ àti iná wà. Kò ku ẹnì kan tí yóò sọ ohun tí ìtàn náà kọ́ ọ. Àwa òǹkàwé ni ó kù.

Àbùkù kan wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, London sọ fún wa pé ọkùnrin yìí kò ní àròjinlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó lé jáde ní ẹ̀yìnkùlé tún gba iwájú ilé wọlé. Ìṣáná 70 yẹn ìbá ti sọ ọ́ tó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí a bá ń kọ ìtàn fún ìwé wa yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ tí kò lè mú ìṣáná han òǹkàwé, kí a sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un láti wá. Mo yá ọ̀rẹ́ mi ní ti 1908. Nígbà tí ó dá a padà, kò sọ ti ẹ̀kọ́ mọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń wò.