"Ìfàgùn" Kò Tó: Fífi Kámẹ́rà Wọn Irin àti Kọnkéré

Pípe "strain" ní "ìfàgùn" tọ́ bí a bá fa irin: ọ̀pá mílímítà 100 tí ó di 100.2 ti yí padà ní 0.002. Àmọ́ títẹ̀ ni ẹrù ń tẹ òpó kọnkéré, irú èyí tí ó gbé ilé alájà 21 tí ó wó ní Ìkòyí ní 2021. Ńṣe ni òpó ń súnkì. "Ìyípadà-gígùn" ni ó kó méjèèjì pọ̀.

Kámẹ́rà kì í fọwọ́ kan ohun tí ó ń wọ̀n. Àmì dúdú wínníwínní tí a fọ́n sí ojú funfun ni ó ń ṣọ́. Olùkọ́ ní Aké lè fi àdìrẹ Ìtòkú ṣàpèjúwe: bí a bá na aṣọ, àmì ara rẹ̀ a jìnnà síra. Àpèjúwe náà tilẹ̀ fi àléébù ìlànà yìí hàn: ojú ara nìkan ni kámẹ́rà ń rí, ibi tí kọnkéré bá ti sán nínú pamọ́ fún un.