Ikú àti Ẹ̀sín nínú Sinimá Philadelphia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo Philadelphia, sinimá tí Jonathan Demme darí ní Amẹ́ríkà ní 1993, nítorí ó jọ mí pé sinimá náà ń bá òwe wa jiyàn.

Andrew Beckett, tí Tom Hanks ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ọkùnrin ni olólùfẹ́ rẹ̀, àrùn éèdì sì ti wà lára rẹ̀; kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rí àmì àrùn náà níwájú orí rẹ̀. Kò pẹ́, ìwé ẹjọ́ pàtàkì kan di àwátì, ìgbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ni wọ́n tó rí i; wọ́n sì lé Andrew, wọ́n ní aláìbìkítà ni. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikú ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ni yóò fi ẹjọ́ ṣe?

Ẹ wo ibi ìkàwé òfin. Olùtọ́jú ìwé ń rọ Andrew pé kí ó lọ jókòó sí yàrá ọ̀tọ̀. Joe Miller, lọ́yà aláwọ̀ dúdú tí Denzel Washington ṣe, ń wò wọ́n. Joe yìí kan náà ni ó ti kọ ẹjọ́ náà tẹ́lẹ̀, tí ó sì sáré lọ bá dókítà nítorí pé ó bọ Andrew lọ́wọ́. Kò wàásù, ó dìde, ó lọ bá a. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ka òfin 1973 tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n sì kà á pé ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ikú láàárín ẹgbẹ́, tí ń ṣíwájú ikú ti ara. Ìdáhùn nìyẹn. Ẹ̀sín kì í ti ara àìsàn wá, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ń wá. Andrew kò yan ikú dípò ẹ̀sín. Ikú ti yan òun ná. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá ẹ̀sín padà fún àwọn tí ó ni ín.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ bá sinimá náà rò. Miguel, olólùfẹ́ Andrew tí Antonio Banderas ṣe, ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan. Joe tí ń bẹ̀rù ni a fún ní ọ̀nà gígùn láti rìn. Mo mọ ìdí rẹ̀: olùwòran tí ẹ̀rù ń bà ni wọ́n fẹ́ fi Joe fà mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ó ru ẹrù di ẹ̀kọ́ lásán fún ẹni tí ń wò ó.

Ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ dá Andrew láre, wọ́n ní kí a san ohun tí ó ju 5 mílíọ̀nù dọ́là lọ fún un. Orí ibùsùn ilé-ìwòsàn ni ó wà nígbà náà. Èmi kò ka owó yẹn sí ìdájọ́. Nígbà tí Joe lọ kí i, ó fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó tún ìbòmú afẹ́fẹ́ ṣe fún un. Ọwọ́ tí ó ti bẹ̀rù bíbọ̀ lásán ni ọwọ́ náà. Ìdájọ́ tòótọ́ nìyẹn, kò sì sí kóòtù tí ó lè pàṣẹ rẹ̀.