Iṣẹ́ Tí Kì Í Ṣe Awo

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kì í ṣe awo. Èyí tó bá wù ọ́, tẹ Ctrl àti U pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kóòdù HTML rẹ̀, èyí tó to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, á jáde síta. Ọ̀gá télọ̀ wo ló máa jẹ́ kí àjèjì tú aṣọ òun wò bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ mìíràn fi lè yà síbẹ̀. Jeffrey Zeldman, ará Amẹ́ríkà, ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà kó tó bá wọn ṣe ojú-ewé fíìmù Batman Forever ní 1995. Ta ni ì bá kọ́ ọ? 1991 ni Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fún aráyé ní ilé ìwádìí CERN. Ní 1998, Zeldman wà lára àwọn tó dá Web Standards Project sílẹ̀, tí wọ́n ń fúngun mọ́ àwọn tó ń ṣe bùráúsà pé kí òfin wọn ṣọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ojú-ewé CSS Zen Garden, tí Dave Shea ti Kánádà gbé jáde ní 2003, ni mo kan sáárá sí jù. HTML kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. CSS, kóòdù tó ń fún ojú-ewé ní àwọ̀ àti ìrísí, nìkan ni wọ́n lè yí padà. Síbẹ̀, ojú-ewé kan kì í jọ èkejì rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba fáìlì náà (kì í jẹ dátà púpọ̀), á pa ìlà kan rẹ́, á wo ohun tó wó, á tún un tò. Ó ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tú u.