Ta Ni Yóò Yẹ Ọmú Òkété Wò?

"Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n mo rí àbùkù kan nínú rẹ̀: kò dárúkọ ẹni tí yóò yẹ ọmú náà wò. Ní Ìjàgbò, lẹ́bàá Ọ̀fà, agboolé ni ilé ìtọ́jú àgbà. Ẹni tí ó yà kí bàbá láàárọ̀ ni alábẹ̀wò. Bí a bá mọ odi, tí a ti géètì, ta ni yóò yà? Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2009, àjọ Care Quality Commission ní í bẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, nígbà mìíràn láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọn a sì bi arúgbó fúnra rẹ̀ léèrè. Ìbéèrè yìí ni òwe wa gbàgbé. Ìfẹ́ ọmọ kò tó ẹ̀rí. Ẹnu àgbà ni ẹ̀rí wà.